Iyán Ìkórè Tó Rùn Bí Lọ́rì

                                        Ilé Tíṣà, Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì,
                                        Ọ̀nà Ìyìn,
                                        Adó-Èkìtì.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, ọdún 1936.

Adébíyìí, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tí mo fẹ́ bá jà díẹ̀,

Báwo ni iyán ṣe lè máa rùn bí lọ́rì? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ kìíní oṣù yìí. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí lálaalẹ́, mo fa ìlà sí i nídìí, mo sì fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn. Àyè náà ṣófo títí di Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí ìdáhùn sì dé, oorun kò tún wá, nítorí orúkọ mi ni ìdáhùn náà ń jẹ́. Orúkọ tìrẹ náà wà níbẹ̀, ó kàn kéré sí tèmi ni. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kí ọ ná, kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Rẹ̀mílẹ́kún aya rẹ ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tí ó fi gbá òkúta ti san, tàbí ó ṣì ń tiro lọ sọ́jà? Ìyá wa ńkọ́, ṣé ojú wọn ti ń ríran dáadáa? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé èyí àbígbẹ̀yìn ti fi erùpẹ̀ jíjẹ sílẹ̀? Bí kò bá tíì fi í sílẹ̀, gbé e sórí ẹsẹ̀, kí o ka lẹ́tà yìí sí i létí. Ṣé òjò ti dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ yín ní Òṣogbo? Níbí, ó ti lọ, ó sì ti fi eruku sílẹ̀ fún wa. Ara àwa le. Mosúnmọ́lá aya mi kí ọ púpọ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò bá ọ jà ní tòun o, pé aṣọ tí o fi ránṣẹ́ sí òun lọ́dún tuntun ṣì wà nínú àpótí, kò tíì ṣá. Má gbàgbé àpótí yẹn, a óò padà débẹ̀.

O mọ oko ìjọ wa, èyí tó wà lẹ́yìn ilé mi, tí ilẹ̀ ibẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ lọ sísàlẹ̀ odò. Iṣu ibẹ̀ ni a máa ń gún fún àwọn àlejò wa lọ́jọ́ ìkórè. A kì í ra iṣu kún un, a kì í sì í yá iṣu lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ṣe jáde nínú ilẹ̀ lọ́dún náà ni àlejò yóò ṣe bá a. Àwọn ará Ìyìn ni àlejò wa pàtàkì, nítorí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tiwa ni wọ́n ń ṣe tiwọn, àwa náà a sì lọ sọ́dọ̀ wọn. Kò sí ẹni tí yóò sọ ọ́ lórí pẹpẹ, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé iyán ni a fi ń bára wa díje. Wọ́n lè gbàgbé ìwàásù, wọn kì í gbàgbé iyán.

Lọ́dún tó kọjá, ikán wọ oko náà, ó sì jẹ èèbù wa láti abẹ́ ilẹ̀ bí ẹni tí a pè síbi oúnjẹ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ìjọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí ní oṣù kìíní, àwọn kan ní kí a máa da eérú sí i, àwọn kan ní kí a pààrọ̀ oko. Èmi akọ̀wé, tí iṣẹ́ mi kò ju kí n máa kọ ohun tí wọ́n bá sọ lọ, mo gbé kálámù sílẹ̀, mo sì dìde. O mọ̀ mí. Bí wọ́n bá ti ń wá ọgbọ́n níbi kan, ẹnu a máa yún mi.

Mo ti ka nǹkan kan nínú ìdì ìwé tí o fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tuntun, àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ dà nù ní ọ́fíìsì yín. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti àwọn àgbẹ̀ òyìnbó. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òróró tó ti jó dúdú nínú ẹ̀rọ mọ́tò, ikán kì í sún mọ́ ọn, àti pé àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ òkèèrè ti fi lé ikán lọ pátápátá. Gbólóhùn náà kò parí ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e sì ti ya kúrò. Ǹjẹ́ mo bi ara mi pé kí ló wà níbẹ̀? Èmi tí mo máa ń bi Ọlọ́run pàápàá ní ìbéèrè lóru, n kò bi ìwé yẹn ní ẹyọ kan. Ọgbọ́n orí mi ni mo fi parí gbólóhùn náà. Mo sọ fún wọn pé kí a da òróró náà sínú ebè.

Bàbá Bámgbóyè, olórí ìgbìmọ̀ wa, tí kì í yin ènìyàn, ní inú òun dùn pé ìwé kíkà tíṣà ti wá so ohun tí a lè jẹ lẹ́nu nígbẹ̀yìn. Jọ̀wọ́, rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

A lọ bá Ọláyíwọlá dírẹ́bà. Abẹ́ igi ọdán tó wà lẹ́bàá ọ̀nà Ìyìn ni lọ́rì rẹ̀ máa ń sùn, abẹ́ igi náà ni ó sì ti ń tú òróró tó bá ti jóná dà sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta. Koríko kan kò hù níbẹ̀ mọ́. Gbogbo wa ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́, a sì ń yin Ọláyíwọlá pé ibùdó rẹ̀ mọ́ tónítóní, kò gbé ìgbálẹ̀ rí. O rí i bí ojú wa ṣe rí? Ibi tí kò bá ti hu nǹkan kan, ìmọ́tótó ni a ń pè é. Ọláyíwọlá fún wa ní garawa méjì tó kún fún òróró dúdú, ó sì ní bí a bá ń fẹ́ sí i, kí a má tijú. Èmi gbé ọ̀kan, Bàbá Bámgbóyè gbé èkejì, àwọn yòókù mú igbá. Mo ṣí ìwé náà, mo fi há abíyá, mo sì ṣáájú wọn wọ oko bí ẹni tó ń ṣáájú ẹgbẹ́ akọrin. Igbá kan sí ebè kan. A kò fo ọ̀kankan.

Ikán lọ. N kò ní purọ́ fún ọ, wọ́n lọ lóòótọ́. Inú ilé mi ni wọ́n wá. Wọ́n jẹ ẹsẹ̀ kan lára tábìlì tí mo ń kọ lẹ́tà yìí lé lórí, ìdí nìyí tí ìlà mi fi ń sọ̀ kalẹ̀ sí apá ọ̀tún.

Ní oṣù kẹfà, ewé iṣu bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. A ní oòrùn ni. Bí òjò bá rọ̀, omi kì í wọlẹ̀ lójú ebè, á kàn dúró, á sì máa dán pupa, aró àti àwọ̀ ewé, bí ọrùn ẹyẹlé. Ǹjẹ́ o mọ ohun tí èmi ṣe? Mo jókòó lóru, mo kọ gbólóhùn mẹ́rin nípa ẹwà rẹ̀ sínú ìwé mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un kà láná ni, ojú sì tì mí níwájú fìtílà.

Báyìí ni ọjọ́ ìkórè dé. Iṣu tí a wà jáde kò tóbi ju ìkúùkù lọ, ara rẹ̀ dúdú. Àwọn obìnrin tó bó o ń yínmú, ṣùgbọ́n iṣu ìjọ ni, ta ni yóò sọ pé ó ń rùn? Wọ́n sè é, wọ́n gún un, ó sì funfun lójú, ó ń fà bó ṣe yẹ kó máa fà. A gbé e ka iwájú àwọn àgbààgbà Ìyìn. Wọ́n bu òkèlè àkọ́kọ́. Baba arúgbó kan nínú wọn gbé ojú sókè, ó fi ìrẹ̀lẹ̀ béèrè pé:

“Ẹ jọ̀ọ́, uṣu yìí, ṣé ó wọ mọ́tò wá ni, àbí òun gan-an ló wa mọ́tò wá?”

Ẹ̀rín tí àwọn obìnrin rín níbi ààrò, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ọ ní Òṣogbo. Bàbá Bámgbóyè kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí, ó ní kí akọ̀wé wá tọ́ ọ wò. Mo bu òkèlè, mo rì í bọ ọbẹ̀ dáadáa, mo sì jù ú sẹ́nu. Adébíyìí, bí ẹni tó lá ìdí fìtílà ni. Kí n tó gbé e mì ni mo ti mọ̀. Ahọ́n mi mọ òróró yẹn, nítorí ó ti ta sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ tí a ń gbé garawa. Síbẹ̀, níwájú àlejò méjìdínlógún, mo gbé e mì, mo nu ẹnu, mo ní, “Ó dùn. Bóyá omi tí wọ́n fi sè é ni kò mọ́ tó.”

Gbólóhùn kékeré yẹn ni ó di ẹjọ́. Kí a tó palẹ̀ àwo mọ́, ẹnì kan ti béèrè pé omi wo? Ẹlòmíràn ní ṣé omi kan kì í ṣàn wá láti òkè oko ni? Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́, omi náà ti ní olóhun: Mùlíkàt aláró.

O kò mọ Mùlíkàt. Ará Ìlọrin ni, ọkọ rẹ̀ ń ta iyọ̀ ní Ọjà Ọba. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí ìjọ fún un ní àyè kan ní òkè oko wa, kí ó lè máa pa aṣọ láró níbẹ̀. Òun ni ó pa aṣọ ẹgbẹ́ akọrin wa láró. Ìkòkò mẹ́sàn-án ni ó rì mọ́lẹ̀ síbẹ̀ títí dé ọrùn. Apá rẹ̀ méjèèjì dúdú mọ́ aró dé ìgúnpá, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ ìfárí lọ. Ìgbìmọ̀ pàdé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní omi aró rẹ̀ ni ó ba ilẹ̀ Olúwa jẹ́, kí ó wá gbọ́ ìdájọ́ ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ó sì máa múra láti kó ẹrù rẹ̀. Ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀? Èmi ni. Ìkọ̀wé mi sì dára lọ́jọ́ náà ju ti ìgbàkígbà lọ. Lẹ́yìn èyí, Àlùfáà gbàdúrà kí Ọlọ́run wo ilẹ̀ wa sàn. Mo ṣe àmín, ṣùgbọ́n mo la ojú kan láti wo Ọláyíwọlá dírẹ́bà tó wà láàárín wa. Òun náà la ojú kan. A sáré dì í padà.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ ìbéèrè mìíràn sábẹ́ ti àkọ́kọ́: Bí a bá ń gbàdúrà fún ilẹ̀, tí a kò sì sọ ohun tí a dà sí i, ṣé Ọlọ́run ni a ń bá sọ̀rọ̀ ni, àbí ara wa? N kò rí ẹni bi í.

Mo wá sọ fún ara mi pé bóyá ahọ́n mi ṣì mí lọ́nà. Bóyá omi aró náà jẹ̀bi díẹ̀. Ó wù mí kí ó jẹ̀bi díẹ̀, má purọ́ fún mi pé ìwọ kò ní rò bẹ́ẹ̀. Ní Ọjọ́rú, mo wá ìkòkò fífọ́ mẹ́ta. Mo bu erùpẹ̀ láti inú ebè sí ọ̀kan, mo bu ti ojú ibi tí àgbàrá gbà kọjá nísàlẹ̀ ọgbà Mùlíkàt sí èkejì, mo sì bu ti abẹ́ igi ọdán sí ẹ̀kẹta. Mo gbin ẹ̀wà márùn-ún márùn-ún sínú wọn, mo tò wọ́n sí ojú fèrèsé. Mosúnmọ́lá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá ilé-ìwé ti lé mi kúrò tí mo fi ń dáko sójú fèrèsé. Mo ní ìwádìí ni. Ó ní ìwádìí kì í fi erùpẹ̀ sórí aṣọ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, adìyẹ rẹ̀ fò sórí fèrèsé. Ó dé ìdí ìkòkò ti ebè, ó fi ẹsẹ̀ tàn án lẹ́ẹ̀kan, ó gbọn ẹsẹ̀ náà bí ẹni tó tẹ nǹkan ìríra, ó sì kúrò. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ sí ti abẹ́ ọdán. Nígbà tó kan ti Mùlíkàt, ó wọ inú rẹ̀, ó jókòó, ó jẹ ẹ̀wà márààrún, ó sì tún wẹ erùpẹ̀ níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo gbin òmíràn, mo sì fi agbọ̀n bò ó.

Ní ọjọ́ kẹfà, ẹ̀wà mẹ́ta ti yọ nínú ìkòkò Mùlíkàt. Mẹ́ta ni o, kì í ṣe márùn-ún, n kò ní bu iyì kún un. Nínú ìkòkò ebè, wọ́n wú, wọ́n sì jẹrà. Nínú ti abẹ́ ọdán, wọn kò tilẹ̀ wú, bí mo ṣe gbìn wọ́n ni mo ṣe bá wọn, wọ́n kàn dúdú ni. Mo gbé ìkòkò ti ebè sí imú. Òórùn iyán ọjọ́ ìkórè ni.

Lọ́jọ́bọ̀, mo tú ìdì ìwé rẹ wò láti rí ohun tí mo kà gan-an. Ibẹ̀ ni mo ti rí i dáadáa pé ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ti ya kúrò. Mo tú gbogbo ilé. Mosúnmọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, nígbà tó sì ti wò mí tẹ́rùn, ó ní, “Ṣé ìwé tó ní àwòrán ọgbà onígi yẹn lẹ ń wá? Òun ni Bàbá Òṣogbo fi wé aṣọ mi. Mo ti tẹ́ ẹ sí ìdí àpótí láti ìgbà náà.”

Ìwọ ni, Adébíyìí. Ìwọ ni o fa ojú ìwé náà ya láti fi wé aṣọ. Ìwé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ kò sí nílé tí o lè fà ya ni? Mo ṣí àpótí, mo kó aṣọ jáde, mo sì dọ̀bálẹ̀ kà á nínú àpótí níbẹ̀, orí mi wà nínú, ẹsẹ̀ mi wà lóde. Wọ́n ní kí a kun òróró náà sí ìdí òpó ọgbà, kí a sá a sóòrùn fún ọjọ́ méje kí ó gbẹ, kí a tó rì í mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà á sórí ilẹ̀ tí a ó gbin oúnjẹ sí, nítorí yóò wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì ní jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ dé ìdí ohun ọ̀gbìn. Òpó ni o, ọ̀rẹ́ mi. Òpó ni ikán kò gbọdọ̀ jẹ. Èmi wá lọ kun iṣu.

Ìdájọ́ ku ọ̀la. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, n kò kọ nǹkan kan sínú ìwé mi. Mo rò ó pé mo lè ṣàìsàn. Mo tún rò ó pé Mùlíkàt lè rí ibòmíràn pa aró, ìlú tóbi. Mo rò ó pé bí mo bá sọ ọ́, àwọn ará Ìyìn yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọmọ mi yóò fi dàgbà. Àwọn èrò wọ̀nyí dùn lóru, wọn kàn kò dùn nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, a péjọ sí ilé-ìwé. Mùlíkàt kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ká apá aláró rẹ̀ lé orúnkún. Bàbá Bámgbóyè sọ ohun tí ìjọ rí. Mùlíkàt gbọ́ ọ tán, kò gbé ohùn sókè. Ó ní, “Bàbá, ìkòkò mẹ́sàn-án ni mo rì mọ́lẹ̀. Ìkòkò aró tó ti mu aró fún ọdún mẹ́fà, ẹni bá wú u yóò fọ́ ọ. Bí ẹ bá ní kí n lọ, ọwọ́ mi nìkan ni n ó mú lọ.” Ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. “Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Kí ẹ sì lọ gbóòórùn iṣu yín. Bí méjèèjì bá jọra, n ó lọ lálẹ́ òní.”

Ẹnikẹ́ni kò dìde láti gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀. Kálámù mi wà lórí ìwé, ó sì ti kán yíǹkì sórí rẹ̀. Mo dìde. Mo ti múra ọ̀rọ̀ gígùn sílẹ̀, tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, “Èmi ni. Òróró mọ́tò ni. Mo ti mọ̀ láti òkèlè àkọ́kọ́.” Mo wá gbé ìkòkò mẹ́ta náà jáde lábẹ́ tábìlì, mo sì ka ojú ìwé tó ya náà fún wọn, títí kan àwọn lẹ́tà ńlá.

Bàbá Bámgbóyè bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó wọ̀ ọ́ padà. Ó ní, “Akọ̀wé, ìwọ lo jẹ ẹ́ lójú wa tí o ní ó dùn.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

“Tí o ní omi ni.”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.

Mo ń retí pé kí wọ́n gba ìwé ìjọ lọ́wọ́ mi. Bàbá wá kọ ojú sí Mùlíkàt, ó ní, “Ìyá Aláró, má bínú sí wa. Garawa méjì ni. Èmi ni mo gbé èkejì.” Ó sì fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀. N kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí fún ọkùnrin tàbí obìnrin.

Mùlíkàt ní òun gbà, ó sì tún kí i. Ó wá yíjú sí mi. “Tíṣà,” ó ní, “ìwé tiyín kò ní ẹ̀yìn ni?” Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé n kò ní kú.

Ó ní kí gbogbo wa dìde, kí a tẹ̀lé òun wá wo ibi tí òun ń da omi aró sí, nítorí láti ọdún mẹ́fà tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tó wá wò ó. Òótọ́ ni. Ó gbẹ́ kòtò kan, ó fi amọ̀ rẹ́ ẹ nínú bí ẹni rẹ́ ilé, inú rẹ̀ ni omi tí ó bá ti ṣiṣẹ́ tán ń dúró sí títí oòrùn yóò fi gbẹ ẹ́. Kì í da eérú tí ó bá ti fi omi sẹ́ fún aró nù, ó ń mọ ọ́n rìbìtì ni, ó sì ń tún un sun lò. Ní ẹsẹ̀ ọgbà rẹ̀, tẹ̀tẹ̀ hù rẹpẹtẹ. Ó ní, “Bí mo bá ń da omi aró mi kiri bí ẹ ṣe wí, kí ni mo ń fi se ọbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà?” Mo bi í pé kí ló dé tí ẹ̀wà méjì nínú márùn-ún kò fi yọ. Ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní òjò ńlá a máa mú kòtò náà kún nígbà mìíràn, òun yóò tún gbé etí rẹ̀ sókè. N kò rò pé ó yẹ kí n bi í, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé mo bi í.

Ibi tí a wá fi ọ̀rọ̀ sí nìyí, nítorí mo mọ̀ pé o ó béèrè. Àwọn ebè tí òróró ti kún bámúbámú, a óò wa erùpẹ̀ wọn kúrò, a óò kó o sínú kòtò tí a fi amọ̀ rẹ́, ní orí òkè tó jìnnà sí odò, a óò sì fi pákó bò ó kí òjò má baà fọ̀ ọ́ lọ. Ilẹ̀ tó kù, tí òróró kàn ta sí, a óò po ìgbẹ́ adìyẹ, háhá àgbàdo àti èèpo iṣu mọ́ ọn, a óò sì máa tú u lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́. Mùlíkàt ló mú èyí wá. Ó ní bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilẹ̀ tí epo pupa dà sí lẹ́yìn ilé ìyá òun nìyẹn. Bóyá yóò ṣiṣẹ́ fún òróró mọ́tò, òun kò mọ̀, èmi náà kò mọ̀. A kò ní gbin ohun jíjẹ síbẹ̀ fún ọdún méjì, kí a tó sì gbìn ín, ẹ̀wà yóò kọ́kọ́ yọ nínú ìkòkò lójú gbogbo wa. Bàbá Bámgbóyè ní kí adìyẹ Mosúnmọ́lá náà wà níbẹ̀.

Ní ti Ọláyíwọlá, ó ṣèlérí pé inú garawa onídèérí ni òróró rẹ̀ yóò máa wà, ẹni tó bá fẹ́ kun òpó ni yóò máa wá bù ú. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń wakọ̀, òun kò rí èrò tó pọ̀ tó báyìí lórí ọ̀rọ̀ òun, ó kàn jẹ́ pé wọn kò wọ ọkọ̀. Ọ̀la, a ń lọ síbi ìkórè àwọn ará Ìyìn. Fún ọdún méjì gbáko, iyán tiwọn nìkan ni a óò máa jẹ, a ó sì máa gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ. Bàbá ní èmi ni kí n jókòó sí iwájú.

Wọ́n ní èmi ni kí n kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀ náà ní òwúrọ̀ yìí. Mo bẹ̀ ọ́, béèrè fún mi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ nípa oko níbẹ̀ pé ọdún mélòó ni ilẹ̀ fi ń gbé òróró mì tán. Bí o bá rí i kà nínú ìwé, fi gbogbo ìwé náà ránṣẹ́, iwájú àti ẹ̀yìn, kí o sì fi ewé wé aṣọ. Kí o tún wo ẹ̀yìn ilé tìrẹ náà: níbo ni ẹ ń da gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìdí fìtílà sí? Ibẹ̀ ni ọmọ yẹn ti ń bu erùpẹ̀ jẹ bí?

Bá mi kí Rẹ̀mílẹ́kún, kí o sì sọ fún un pé mo ti dárí jì ọ́ nítorí tirẹ̀. Bá mi kí Ìyá, kí o fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu lẹ́yìn tí o bá ti fọ̀ ọ́ fún wọn. Mosúnmọ́lá ní aṣọ tuntun kò burú, bí kò bá ṣáà ti sí ìwé lára rẹ̀.

Èmi ni tìrẹ, tòun ti ọkọ́ léjìká,
Olúfúnṣọ́.

Mo gbọ́ ohùn Mùlíkàt láti òkè oko. Ó ń pe tíṣà, ó ní ilẹ̀ ti mọ́, ìwé kì í wa erùpẹ̀. Mo ti fẹ́ fìtílà pa. Kẹrosíìnì ń kán díẹ̀díẹ̀ ní ìdí rẹ̀, bóyá láti ọdún pípẹ́, ilẹ̀ yàrá mi ti dúdú níbẹ̀, n kò sì rí i rí. Mo ti gbé àwo sí i lábẹ́.